Ẹni Tí Yóò Gbé Ọkọ̀ Ga, Kí Ó Mọ Ìwọ̀n: Ẹ̀kọ́ Láti Suame Magazine ní Kumasi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: bí ènìyàn gun ẹṣin, bí ó gun ìyeye, ilẹ̀ ni yóò bọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sọ lónìí, pàápàá jù lọ ọkọ̀ tí a fi ọwọ́ ara wa gbé ga ju bí ẹni tí ó ṣe é ti gbé e kalẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tí ń rin ọ̀nà oko, ó kan àwọn mẹkáníìkì, ó kan àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ó sì kan gbogbo ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn nígbà tí ó bá rí i pé kò sí ohun tí ọwọ́ ènìyàn dúdú kò lè ṣe.

ÌLÚ ÀWỌN ALÁGBẸ̀DẸ ÒDE ÒNÍ

Bí a bá ń wá ibi tí a lè gbé ọ̀rọ̀ yìí kà, kò sí ibi tí ó dára tó ìlú Kumasi, olú-ìlú ilẹ̀ Àṣántì ní orílẹ̀-èdè Gánà. Ní apá àríwá ìlú náà ni Suame Magazine wà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń jẹun láti inú iṣẹ́ ọkọ̀. Ẹni tí ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ń bẹ níbẹ̀, jórinjórin ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń lu bọ́dì, ẹni tí ń kun ọ̀dà, àti ẹni tí ń ta ògbólógbòó ẹ̀yà ọkọ̀ tí ó ti òkè-òkun wá. Ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ọ̀gá náà sì ti kọ́ ọ lábẹ́ ọ̀gá mìíràn, gẹ́gẹ́ bí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Orúkọ náà, Magazine, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìwé tí a ń kà. Ilé tí àwọn ọmọ ogun ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì Kumasi ti kọ́kọ́ pàtẹ iṣẹ́ wọn, nígbà tí wọ́n sì kó lọ sí Suame, wọ́n gbé orúkọ náà dání. Ní ayé ọkọ̀ Bedford, ẹ́ńjìnnì, ṣaasí àti iwájú ọkọ̀ nìkan ni ó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ Gánà ni ó ń fi pákó kan ilé èrò àti ilé ẹrù lé e lórí, pákó bí i ti igi ìrókò tí àwọn Àṣántì ń pè ní odum. Ẹni tí ó bá rántí bọ́lẹ̀kájà ilẹ̀ Yorùbá mọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó kó ẹrù àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ṣakí tí wọ́n ṣòwò ní Kumasi, kí àṣẹ ìjọba Busia ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo irú ibi bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1983, ọ̀dá àti iná oko jà ní Gánà, owó òkèèrè wọ́n bí ojú, Nàìjíríà sì lé nǹkan bí àádọ́ta ọ̀kẹ́ ọmọ Gánà padà sílé. Kò sí owó tí a ó fi ra ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun. Àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ bí i ti Suame ni ó ń sọ òkú ọkọ̀ di alààyè, tí oúnjẹ fi ń dé ọjà, tí kòkó sì fi ń dé èbúté. Oríyìn yìí tọ́ sí wọn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ohun tí a ó sọ ní ìsàlẹ̀ yìí sí ẹ̀gàn.

KÍ NI GBÍGBÉ BỌ́DÌ GA?

Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù, àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ṣe fún ọ̀nà tí kò dára, pín sí ọ̀nà méjì. Ìsàlẹ̀ ni egungun irin tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣaasí. Òun ni ẹ́ńjìnnì, sípíríǹgì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ so mọ́. Òkè ni bọ́dì, èyí tí í ṣe ilé tí awakọ̀ àti èrò jókòó sí. Bóòtì ni ó so méjèèjì pọ̀, rọ́bà líle sì wà láàárín wọn kí ọkọ̀ má baà máa gbọn èrò jìgìjìgì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé bọ́dì ga yóò tú àwọn bóòtì wọ̀nyí, yóò fi jáàkì gbé bọ́dì kúrò lórí ṣaasí, yóò ti agékù nǹkan bọ àárín, yóò sì fi bóòtì tí ó gùn ju ti ìṣáájú lọ dè é padà. Bí agékù náà bá ga ní íńṣì 3, bọ́dì ti fi íńṣì 3 ga sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà ní òkè-òkun tí wọ́n ń ṣe irú agékù yìí tà, tí wọ́n sì ń ta bóòtì tí ó bá a mu pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó, tàbí tí kò ní sùúrù, a máa gé igi, a máa gé páìpù omi, a máa to wáṣà lé ara wọn, tàbí kí ó jó irin méjì pọ̀ kí ó sì tì wọ́n bọ abẹ́ bọ́dì.

Kì í ṣe ènìyàn dúdú nìkan ni ó ń ṣe èyí. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ń mú rọ́bà pẹlẹbẹ tí a fi ń gbá họ́kì orí yìnyín, tí wọ́n ń lu ihò sí i láàárín, tí wọ́n sì ń tò ó sí abẹ́ bọ́dì ọkọ̀ wọn. Àìmọ̀wọ̀n kò ní àwọ̀.

ṢÉ A RÍ OHUN TÍ À Ń WÁ?

Ìdí tí a fi ń gbé ọkọ̀ ga kò ṣòro láti mọ̀. Ní àkókò òjò, ọ̀nà tí ó lọ sí oko kòkó ní ilẹ̀ Ahafo tàbí ní Sefwi a máa di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ojú ipa táyà lọ́rì a máa jìn, ikùn píkọ́ọ̀pù a sì máa gbá ilẹ̀. Awakọ̀ tí ó ti sùn sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò ní gbàgbé; ó fẹ́ kí ọkọ̀ òun ga.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo abẹ́ ọkọ̀ náà dáadáa. Ohun tí ó sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ kì í ṣe bọ́dì. Irin ìbú tí ó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì ni, pẹ̀lú kókó irin ńlá tí ó wà lára rẹ̀. Nígbà tí a bá gbé bọ́dì kúrò lórí ṣaasí, irin ìbú yìí kò kúrò níbi tí ó wà. Òkúta tí ó ń gbá tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣì máa gbá. Èrè kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni pé àyè ṣí sílẹ̀ fún táyà tí ó tóbi jù, táyà náà ni ó sì ń gbé irin ìbú sókè. Bí táyà bá ti fẹ̀ láti 75 sẹ̀ǹtímítà dé 82, irin ìbú yóò ga ní sẹ̀ǹtímítà 3 àti ààbọ̀ péré. Nítorí sẹ̀ǹtímítà 3 àti ààbọ̀ yìí ni a ṣe tú gbogbo ìdè tí ó so ilé èrò mọ́ egungun ọkọ̀.

BÓÒTÌ NI AGBÀLÀ

Ẹ̀yin olùkọ́, ìṣirò díẹ̀ rèé fún yín. Ká sọ pé bọ́dì ọkọ̀ kan àti àwọn èrò inú rẹ̀ wúwo tó 800 kílò. Ọkọ̀ náà ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, ó kọlu igi, ó sì dúró láàárín ìdajì mítà. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò náà yóò rí i pé agbára tí ó dá a dúró tó ìlọ́po 20 ìwúwo rẹ̀. Ṣaasí ti dúró, ṣùgbọ́n bọ́dì ṣì ń fẹ́ lọ síwájú, yóò sì máa fa àwọn bóòtì rẹ̀ bí ẹni pé ó wúwo tó 16,000 kílò. Bí bóòtì bá jẹ́ 8, tí wọ́n sì pín ẹrù náà dọ́gba, 2,000 kílò ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bóòtì kúkúrú tí ó mú irin méjì pọ̀ típẹ́típẹ́ dà bí èèkàn tí a gbá wọlẹ̀ títí dé ọrùn. Bí màlúù bá fà á, ilẹ̀ ni ó ń bá a jà. Bóòtì gígùn tí ó gba inú agékù igi kọjá dà bí èèkàn tí ìdí rẹ̀ nìkan wọlẹ̀, tí a wá so okùn màlúù mọ́ orí rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ́. Bí agékù náà bá sì jẹ́ igi, òjò yóò rẹ ẹ́, oòrùn yóò sán an, yóò súnkì, nọ́ọ̀tì yóò sì tú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ mọ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Bóòtì pẹ̀lú kò rí bákan náà. Bóòtì tí a ṣe fún iṣẹ́ agbára ní nọ́ńbà ní orí rẹ̀. Èyí tí a kọ 8.8 sí yóò gba 800 níútìnì lórí ìwọ̀n mìlímítà kan níbùú lóròó kí ó tó já, yóò sì gba 640 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Irin rírọ̀ tí a kọ 4.6 sí yóò nà ní 240, yóò sì já ní 400. Ọ̀pá irin tí a kàn gé tí a sì pa eyín sí lára kò ní nọ́ńbà kankan, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ ohun tí ó lè gbà. Lójú ọjà, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Lọ́jọ́ ìjàǹbá, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá.

OHUN TÍ OJÚ KÒ RÍ

Bọ́dì kò dá nìkan wà. Nǹkan púpọ̀ ti ara rẹ̀ kọjá lọ sí ara ṣaasí. Ọ̀pá sítíárìn ti ọwọ́ awakọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Bí bọ́dì bá ga, ọ̀pá náà yóò fà, ibi tí ó ti wọnú ara rẹ̀ yóò sì kù díẹ̀ kí ó bọ́. Páìpù bíréèkì ti inú bọ́dì sọ̀kalẹ̀ lọ bá táyà. Bí ó bá le dán-in-dán-in, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá wọ̀ ni yóò máa fà á, títí ọjọ́ tí yóò fi ya. Rọ́bà tí epo bẹntiróòlù ń gbà wọ inú táńkì so bọ́dì mọ́ ṣaasí pẹ̀lú. Bí ó bá yọ díẹ̀, epo yóò máa kán sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ irin gbígbóná. Redíétọ̀ bá bọ́dì gòkè, ṣùgbọ́n fáànù dúró ti ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé ike tí ó yí i ká.

Táyà ńlá náà ní ìyọnu tirẹ̀. Ó wúwo, ó sì ń ni bíréèkì lára. Bí ó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá fẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, aago tí ń ka eré yóò máa parọ́: yóò sọ pé 80 kìlómítà ni, ó sì jẹ́ pé 88 ni ọkọ̀ ń sá. Bọ́ńpà tí ó ga yóò gun orí ọkọ̀ kékeré dípò kí ó dojú kọ bọ́ńpà rẹ̀, iná iwájú tí ó ga yóò sì máa fọ́ ẹni tí ń bọ̀ lójú ní òru. Nítorí náà, ewu náà kì í ṣe ti ẹni tí ó gbé ọkọ̀ ga nìkan. Aládùúgbò rẹ̀ lójú pópó ní ìpín nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó bi í.

ÌWỌ̀N ÀTI ÌDÚRÓ

Ewu kan tún wà tí gbogbo ìyá tí ó ru ẹrù rí mọ̀. Bí igbá bá ga lórí, a kì í yí ọrùn lójijì. Ọ̀nà kan rọrùn tí a fi ń mọ bí ọkọ̀ ṣe lè dúró: a ó wọn ibú láti àárín táyà òsì dé àárín táyà ọ̀tún, a ó mú ìdajì rẹ̀, a ó sì fi gíga àárín-gbùngbùn ìwúwo ọkọ̀ pín in. Bí ibú náà bá jẹ́ 150 sẹ̀ǹtímítà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 75. Bí àárín-gbùngbùn ìwúwo bá wà ní 70, èsì rẹ̀ jẹ́ 1.07. Bí ó bá gòkè dé 75, ó di 1.00, bí ó bá dé 80, ó di 0.94. Bí èsì yìí bá ṣe ń kéré sí i ni ọkọ̀ ṣe ń yára dojú dé. Láti ọdún 2001 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń lo ìṣirò yìí láti sọ fún àwọn tí ń ra ọkọ̀ bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe rí.

Àwọn kan yóò wí pé bọ́dì nìkan ni a gbé, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, àti pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ṣófo. Ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù tí ń lọ sí oko kì í ṣófo. Ilé ẹrù rẹ̀ ti ga pẹ̀lú bọ́dì, táyà ńlá ti gbé gbogbo rẹ̀ sókè, a sì tún ti to àpò kòkó tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e títí ó fi yọrí, pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rin lórí rẹ̀. Ibi tí ó ti ń dojú dé kì í sì í ṣe inú ẹrẹ̀ tí a tìtorí rẹ̀ gbé e ga. Lórí ọ̀dà ni, nígbà tí ó bá ń sáré padà sí ìlú, tí ewúrẹ́ kan sì sáré gba iwájú rẹ̀ kọjá.

ÒMÌNIRA ỌWỌ́, ÒMÌNIRA ÒYE

Kí ni ó yẹ kí a ṣe? Àwọn kan fẹ́ràn láti máa fi oníṣẹ́-ọwọ́ ilẹ̀ wa ṣẹ̀sín. Àwọn mìíràn sì ń yìn ín débi pé wọn kò fẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè kankan. Ọ̀tá rẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Ní Gánà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Mercedes-Benz 207 ni ó ti Yúróòpù wá gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní fèrèsé. Wọ́n gé fèrèsé sí i lára, wọ́n jó àga irin mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó sì di ọkọ̀ èrò. Léraléra ni àwọn aláṣẹ ààbò ojú pópó ti kìlọ̀ pé bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọlu nǹkan, àga rẹ̀ lè tú kúrò nílẹ̀ kí ó sì ṣe èrò léṣe. Ìbéèrè kan náà ni èyí àti ti bọ́dì tí a gbé ga ń bi wá: ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dúró lójijì, kí ni ó di ènìyàn mú, ta ni ó sì ti wọn agbára rẹ̀ wò?

Ìdáhùn ìbéèrè náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Kumasi fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1972, Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí ó ń jẹ́ orúkọ Kwame Nkrumah dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ láti máa gba àwọn oníṣẹ́ nímọ̀ràn. Lára àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀ka yìí kọ́kọ́ dáwọ́ lé ni rírọ bóòtì àti nọ́ọ̀tì irin nínú ọgbà Yunifásítì. Ní ọdún 1980, wọ́n kó ẹ̀rọ àti olùkọ́ lọ bá àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ní Suame. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí: ọ̀mọ̀wé kò dúró sí ilé ìwé kí ó máa bú mẹkáníìkì, mẹkáníìkì kò sì pa ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀mọ̀wé. Irú ìbáṣepọ̀ yìí ni ó yẹ kí ó gbilẹ̀ sí i, títí ọmọ iṣẹ́ yóò fi mọ nọ́ńbà orí bóòtì bí ó ti mọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀, tí a ó sì lè fa irin kan wò títí yóò fi já kí a tó fi ẹ̀mí ènìyàn lé e lọ́wọ́.

Ìjọba pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1999, Gánà dá àjọ tí ń fún ọkọ̀ àti awakọ̀ ní ìwé àṣẹ kalẹ̀ pẹ̀lú òfin tirẹ̀. Ní ọdún náà ni ó dá ìgbìmọ̀ ààbò ojú pópó sílẹ̀, èyí tí ó di àjọ alágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún 2019. Ní tiwa, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́ fún ti ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí ó bá parí sí ara iná àti fèrè kò tíì wo ọkọ̀. Kí ẹni tí ń yẹ ọkọ̀ wò tẹrí wọ abẹ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju agbára wa lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ojú pópó. Gánà ṣe bákan náà ní oṣù kẹjọ ọdún 1974. Òfin, ẹ̀kọ́ àti ìkìlọ̀ ni a fi ṣe é, ó sì ṣeé ṣe.

ÌMỌ̀RÀN ÌKẸYÌN

Ẹ̀yin tí ń rin ọ̀nà oko, sípíríǹgì tí ó dára, táyà tí ó ní eyín dáadáa ní ìwọ̀n tí ọkọ̀ gbà, àti ṣọ́bìrì lẹ́yìn ọkọ̀ yóò mú yín jáde nínú ọ̀pọ̀ ẹrẹ̀. Bí ẹ bá sì ti gbé bọ́dì ga, ẹ má ṣe gba igi, ẹ má ṣe gba páìpù, ẹ má ṣe gba agékù tí a tò lé ara wọn. Ẹ bèèrè nọ́ńbà orí bóòtì. Ẹ yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun ọ̀tún àti òsì, ẹ wo páìpù bíréèkì àti rọ́bà epo, kí ẹ sì padà wá dè é lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbé páálí ìṣáná lé orí pátákó ní kíláàsì, kí ẹ fi í lélẹ̀ gbalaja, kí ẹ tún nà án dúró, kí ẹ sì máa gbé ẹ̀gbẹ́ kan pátákó náà sókè díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ yóò rí èyí tí ó kọ́kọ́ ṣubú, wọn kò sì ní gbàgbé títí ayé.

Fún àwọn tí ń ṣèjọba, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù. Àgbẹ̀ kì í gbé ọkọ̀ rẹ̀ ga nítorí ìgbéraga. Ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, tí kò ní gọ́tà, ni ó lé e dé ibẹ̀. Kòkó rẹ̀ ni ó ń mú owó òkèèrè wọlé. Ẹ ṣe ọ̀nà fún un, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ bọ́dì ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀; kí ohun tí a ó fà yọ ní Suame, àti ní gbogbo ibi tí irin ti ń dún ní ilẹ̀ Áfíríkà, jẹ́ irin tí a ti wọ̀n.